Ta Ni Yóò Bá Ìjọba Yẹ Rìákítọ̀ Wò?

Áyọ́ọ̀nù tí àwọn télọ̀ Ìjẹ̀bú-Òde fi ń lọ aṣọ ẹgbẹ́ nígbà Ojúde Ọba máa ń fa iná bíi kílówáàtì kan. Rìákítọ̀ ni ẹ̀rọ tó ń fọ́ átọ́ọ̀mù láti pèsè ooru. Èyí tó kéré tó wà ní Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2004, kò ju nǹkan bí ọgbọ̀n irú áyọ́ọ̀nù bẹ́ẹ̀ lọ: nǹkan bíi kílówáàtì 30 péré, fún ìwádìí àti ìkọ́ni. Ṣùgbọ́n rìákítọ̀ ńlá tó ń pèsè iná mẹ́gáwáàtì 1,000 fún ìlú, ooru inú rẹ̀ tó ti áyọ́ọ̀nù mílíọ̀nù mẹ́ta. Bí wọ́n bá sì pa á, kì í kú lẹ́ẹ̀kan náà. Ní kété tí wọ́n bá pa á, ooru tó ṣẹ́ kù ṣì tó nǹkan bí ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn bí áyọ́ọ̀nù 180,000. Ní ọjọ́ kejì, ó ṣì ju 10,000 lọ. Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ rìákítọ̀, pọ́ǹpù ló ń ti omi tó ń gbé ooru yìí kúrò, iná ló sì ń wa pọ́ǹpù.

Nítorí náà, ìbéèrè tó dà bí ìbéèrè ọmọdé lè jẹ́ èyí tó le jù lọ: níbo lẹ gbé jẹnẹrétọ̀ sí? Ní Fukushima Daiichi ní Japan, abẹ́ ilé ni ọ̀pọ̀ nínú jẹnẹrétọ̀ àti pátákó iná wà. Mítà 5.7 ni wọ́n ṣírò pé ìgbì òkun lè ga mọ. Ìgbì tó wọlé ní oṣù Kẹta 2011 ga tó mítà 14. Rìákítọ̀ mẹ́ta yọ́. Èyí tó dunni jù ni pé ní 2008, ìṣirò tí ilé-iṣẹ́ náà ṣe fúnra rẹ̀ ti fi hàn pé ìgbì lè tó mítà 15.7. Wọ́n mọ̀. Kò kàn sí ẹni tó lágbára tó sì dá dúró, tí yóò fi ọwọ́ lu tábìlì pé ẹ gbé ẹ̀rọ yẹn sókè. Àjọ tó yẹ kó ṣe bẹ́ẹ̀ wà lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba kan náà tó ń polówó iná núkílíà. Ọdún 2012 ni wọ́n tó yà wọ́n sọ́tọ̀.

Láti jẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ìgbìmọ̀ olùdámọ̀ràn lórí ààbò rìákítọ̀ ṣe wà. Òṣìṣẹ́ àjọ tó ń fúnni ní láísẹ́ǹsì ló ń ka ìwé tí ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ kọ́ rìákítọ̀ mú wá, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìgbìmọ̀ yóò wá tún ohun tí àwọn méjèèjì sọ yẹ̀ wò, yóò sì kọ lẹ́tà sí àwọn ọ̀gá àjọ náà. Ti Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní ACRS, ló rọrùn jù láti fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ìta gbangba ni wọ́n ti ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Òfin ní àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ kò gbọ́dọ̀ ju 15 lọ, ọdún mẹ́rin mẹ́rin sì ni sáà wọn.

Wọn kì í kọ́kọ́ wá ènìyàn. Àlàfo ni wọ́n ń wá. Wọn á wo ta ni sáà rẹ̀ ń parí lọ, wọn á wo irú rìákítọ̀ tí ìwé rẹ̀ ń bọ̀ lọ́nà, kí wọ́n tó sọ ìmọ̀ tí wọ́n nílò. Ẹ̀dá méjìlá tó mọ físíìsì inú átọ́ọ̀mù dunjú kò tíì di ìgbìmọ̀. Ó gbọ́dọ̀ ní ẹni tó mọ bí omi gbígbóná àti gááàsì rẹ̀ ṣe ń rìn nínú páìpù, ẹni tó mọ bí ojú ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀ ṣe ń gbó lábẹ́ ìtànṣán, onímọ̀ nípa ìmìtìtì ilẹ̀, ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ̀rọ, ẹni tó lè ṣírò bí àṣìṣe kékeré mẹ́ta ṣe lè pàdé lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Àti ẹni tó ti jókòó sí yàrá ìdarí rí lóru, tó mọ bí ó ṣe ń rí nígbà tí ìkìlọ̀ ogún bá ń dún papọ̀. Ẹni ìkẹyìn yìí ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé, nítorí kò kọ ìwé púpọ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìkéde á jáde nínú ìwé ìròyìn ìjọba. Ìkéde ACRS máa ń béèrè ìrírí ogún ọdún ó kéré tán, ó sì máa ń sọ pé iṣẹ́ náà á gba nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọjọ́ lọ́dún. Ọ̀rọ̀ ọgọ́rùn-ún ọjọ́ yìí wúwo ju bí ó ṣe rí lójú lọ. Ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ gan-an kò lè fi ohun tó ju ìdá kan nínú mẹ́rin ọdún lọ sílẹ̀, ló fi jẹ́ pé àwọn tó ti fẹ̀yìn tì ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń fi ìwé sílẹ̀. Ìrírí wọn kún, ṣùgbọ́n ìmọ̀ kọ̀ǹpútà òde òní lè má sí lọ́wọ́ wọn.

Ìwé tí wọ́n fi sílẹ̀ ló ń kọ́kọ́ já ọ̀pọ̀ ènìyàn bọ́. Ká ní ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Àgọ́-Ìwòyè kọ ọ́ pé òun ti tẹ àpilẹ̀kọ ọgọ́rin jáde. Ìyẹn kò sọ nǹkan kan fún ẹni tó ń ṣà wọ́n. Kí ó kọ ọ́ pé òun ni òun ṣe ìṣirò ooru fún ẹ̀rọ báyìí, lọ́dún báyìí, pé àṣìṣe báyìí ni òun rí níbẹ̀, ohun tí wọ́n sì yí padà nìyí. Àwọn tó ń yẹ ìwé wò máa ń wá ìgbà tí ènìyàn sọ pé rárá fún ọ̀gá rẹ̀, tó sì ní ìṣirò lọ́wọ́.

Ibi tó gùn jù ni yíyẹ ọwọ́ wò, ìyẹn láti mọ̀ bóyá èrè kan so olùdíje pọ̀ mọ́ ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ yẹ̀ wò. Gbogbo ẹni tó ń ra gàrí lọ́jà ló mọ kóńgò tí wọ́n ti tẹ ìdí rẹ̀ wọnú. Oníṣòwò ló ni gàrí, òun náà ló ni kóńgò. Nítorí náà, wọn á béèrè ṣíà tí olùdíje ní, ti ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀, ti ọmọ rẹ̀ tí kò tíì tójúúbọ́. Wọn á béèrè owó ìwádìí tó ń gbà, kọ́ńtíráàkì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ilé-iṣẹ́ tó ń san owó ìfẹ̀yìntì fún un. Àwọn kan á ní láti ta ṣíà wọn kí wọ́n tó wọlé; àwọn kan á wọlé, ṣùgbọ́n wọn á dìde kúrò níjòókòó nígbà tí ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ tí wọ́n bá tan bá délẹ̀. Ẹni tó bá pọn dandan kó dìde ní ìpàdé mẹ́fà nínú mẹ́wàá kò wúlò, bó ti wù kó gbọ́n tó.

Ní Nàìjíríà, ìṣòro yìí nípọn sí i, nítorí àwọn onímọ̀ kò pọ̀. Àjọ NAEC, tí òfin 1976 dá sílẹ̀, ló ń wá bí iná núkílíà yóò ṣe dé. NNRA, tí òfin 1995 dá sílẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2001, ló ń ṣọ́ ààbò, òun náà ló ń fún ilé ìwòsàn tó ní ẹ̀rọ X-ray ní láísẹ́ǹsì. Orí ìwé, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ṣùgbọ́n olùkọ́ kan náà ní Zaria tàbí Ifẹ̀ lè ti kọ́ òṣìṣẹ́ àjọ méjèèjì. Ènìyàn ò lè yọ irú ìbátan bẹ́ẹ̀ kúrò; ó kàn gbọ́dọ̀ wà lákọsílẹ̀. Ìjọba lè pe àwọn ará òkèèrè, bí àjọ átọ́ọ̀mù àgbáyé IAEA ṣe rán ikọ̀ ayẹ̀wò wá ní 2015 àti 2017. Wọ́n mọṣẹ́, àmọ́ ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n ń lò. Bí iná gbogbo Nàìjíríà ṣe ń ṣubú lẹ́ẹ̀kan náà kò tíì bá wọn lójú oorun, bẹ́ẹ̀ iná ìta yẹn ni pọ́ǹpù rìákítọ̀ ń kọ́kọ́ gbára lé. Ẹnjiníà tó ti fi ogún ọdún tún tíráńsífọ́mà ṣe ní Ṣàgámù lè ní ohun tó máa bi wọn tí ọ̀jọ̀gbọ́n kò ní rántí. Geregu ní Kogí àti Itu ní Akwa Ibom ni wọ́n ti mú fún rìákítọ̀ ńlá. Ó yẹ kí irú ẹnjiníà bẹ́ẹ̀ wà nínú ìgbìmọ̀ tí yóò yẹ wọ́n wò.

Yíyàn nìkan kò tó, bí lẹ́tà ìgbìmọ̀ bá lè sùn sínú dúrọ́ọ̀. Ní oṣù Kẹfà 1956, ACRS kọ̀wé pé ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò tíì tó láti fi sọ pé rìákítọ̀ Fermi, tí wọ́n fẹ́ kọ́ sí tòsí Detroit, kò léwu fún ará ìlú. Ìjọba kò gbé lẹ́tà náà jáde. Ní oṣù Kẹjọ, wọ́n fọwọ́ sí kíkọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí bí àwọn aṣòfin nínú. Ní 1957, wọ́n sọ ìgbìmọ̀ náà di ti òfin, wọ́n sì pàṣẹ kí ìròyìn rẹ̀ máa wà fún gbogbo ènìyàn láti kà. Ní oṣù Kẹwàá 1966, apá kan nínú epo rìákítọ̀ Fermi yọ́.

Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ ló ń yan alága láàárín ara wọn. Ẹni tí kò bá gbà pẹ̀lú àwọn yòókù lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ èrò tirẹ̀ sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, wọn á sì tẹ̀ ẹ́ jáde bẹ́ẹ̀.