Kí ọkọ̀ rẹlẹ̀, kó má sì máa mi èèyàn jìgìjìgì

Ìbéèrè: Gwarinpa l'Abuja ni mò ń gbé, Corolla ni mo ń wà. Mo fẹ́ kó rẹlẹ̀ díẹ̀, àmọ́ ìyàwó mi wà nínú oyún, bọ́ǹpù àdúgbò wa ò sì lóǹkà. Mẹkáníìkì mi ní òun á kàn gé sípíríǹgì.

Ìdáhùn: Ẹ má jẹ́ kó gé e. Bí òrùka sípíríǹgì bá ṣe ń dín kù ló ṣe ń le sí i, ojú ibi tí wọ́n gé kì í sì í jókòó dáadáa mọ́. Èyí tí wọ́n fi iná rọ̀ wálẹ̀ burú jùyẹn lọ: iná ti ba irin náà jẹ́.

Ìbéèrè: Ṣé gbogbo ọkọ̀ tó rẹlẹ̀ ló ń le ni?

Ìdáhùn: Rárá. Àyè tí ṣọ́kì fi ń rìn ló máa ń tán. Rọ́bà kan wà lókè ọ̀pá ṣọ́kì. Tí ọkọ̀ bá wálẹ̀ jù, orí rọ́bà yẹn lẹ máa jókòó lé, gbì! ní gbogbo gálọ́ọ̀pù. Ẹ wọn àyè yín kí ẹ tó náwó: ẹ ká rọ́bà tó bo ọ̀pá sókè, ẹ so táì oníke tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ ọ̀pá náà, kó fún un díẹ̀, kí ẹ wá kó èèyàn sínú ọkọ̀ kí ẹ gba ọ̀nà tí ẹ máa ń gbà. Ibi tí ṣọ́kì ti táì náà dé ló rìn dé. Bí ó bá ku sẹ̀ǹtímítà 2 kó kan rọ́bà òkè yẹn, ẹ ò lè mú ọkọ̀ wálẹ̀ ní 3.

Ìbéèrè: Kí ni kí n wá rà?

Ìdáhùn: Sípíríǹgì tí wọ́n ṣe fún irú ọkọ̀ yín gan-an, tó ń mú un wálẹ̀ ní mìlímítà 25 sí 30, tí òrùka rẹ̀ sún mọ́ra lápá kan tó sì jìnnà síra lápá kejì. Ṣọ́kì tuntun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó bá a mu ló yẹ kó gba owó jù; tòkúnbọ̀ tó ti ń jo epo ò lè ká sípíríǹgì lọ́wọ́ kò, ọkọ̀ á kàn máa jó lójú ọ̀nà Airport ni. Ẹ fi rímù 16 sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ̀gbẹ́ táyà 205/55R16 ga tó mìlímítà 113. Ti 215/45R17, ìyẹn ti rímù 17, ò ju 97 lọ, ara yín ló sì máa gba ìyàtọ̀ yẹn.

Ìbéèrè: Tí wọ́n bá ń tò ó ńkọ́?

Ìdáhùn: Wọn ò gbọdọ̀ di nọ́ọ̀tù búṣì lówà áàmù (rọ́bà tó wà lẹ́nu apá irin tó di táyà mú nísàlẹ̀) pinpin nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà lórí jáàkì. Kí táyà kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ búṣì á lọ́ pọ̀, á sì ya láìpẹ́. Ẹ ṣe aláìnmẹ́ǹtì (títo táyà kó dúró gún régé) lọ́jọ́ náà, kí ẹ tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tí sípíríǹgì bá ti jókòó. Àìṣe é ló ń jẹ́ kí táyà jẹ lápá inú.