"Níbo Ni Wọ́n Kọ Ọ́ Sí?": Ìpilẹ̀ṣẹ̀ Ìbéèrè Kan Láàrin Àwọn Onígbàgbọ́

Ní alẹ́ àìsùn ìyá àgbà kan tí ó kú ní Òkè-Àrẹ̀, nílùú Ìbàdàn, ni mo ti rí i bí ìjà tí ó ti lé ní 500 ọdún ṣe lè wá bá ènìyàn lórí àga oníke. Ọmọ Ìjọ Àgùdà ni ìyá náà láti kékeré, ṣùgbọ́n nínú àwọn ọmọ rẹ̀ márààrún, méjì péré ni ó ṣì ń lọ sí Máàsì. Nígbà tí bàbá tí ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ìjọ ní katikíìsì kéde pé fadá yóò ṣe Máàsì fún ìsinmi ọkàn ìyá láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àbíkẹ́yìn, tí ó jẹ́ pásítọ̀ nínú ìjọ kan lápá Mọ́níyà, dìde, ó sì dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú o, Bàbá. Níbo ni wọ́n kọ ọ́ sí nínú Bíbélì pé kí á máa gbàdúrà fún òkú?" Bàbá ní, "Ìwé Makabé Kejì, orí kejìlá." Pásítọ̀ fa síìpù Bíbélì rẹ̀, ó ṣí i dé ìparí Málákì, ó bá ojú ìwé òfìfo kan, ó ṣí i kọjá, ó sì bá ara rẹ̀ nínú Mátíù. Ó tún padà sẹ́yìn, ó fi ìka ra ìwé náà wò bóyá ewé méjì ló lẹ̀ mọ́ra. "Bàbá, kò mà sí níbí." Bàbá ní, "Mo mọ̀ pé kò sí nínú tìrẹ, ọmọ mi." Wọ́n gbé oúnjẹ dé, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀.

Kò parí síbẹ̀ lọ́kàn mi. Ọ̀pọ̀ nínú àwa onígbàgbọ́ tí a dàgbà n'Ìbàdàn ni ó ń lo ìbéèrè pásítọ̀ yìí bí ẹni pé òun ni wọ́n fi sọ Ìjọ lórúkọ, bí ẹni pé láti ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì àkọ́kọ́ ni àwọn ènìyàn ti ń bi Pétérù pé níbo ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ìbéèrè náà ní ọjọ́ ìbí àti ìlú ìbí tirẹ̀. Èyí tí ó sì jọ mí lójú jù ni pé nígbà tí ìjà náà bọ́ sí gbangba, ojú ìwé Makabé kan náà yìí wà lára ohun tí wọ́n ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

Kí á tó dé ibẹ̀, ó yẹ kí á rántí pé Ìjọ ti ń ṣe ìrìbọmi, ó ti ń bu àkàrà, ó sì ti ń yan alàgbà, nígbà tí kò tíì sí ẹnikẹ́ni tí ó lè gbé ohun tí à ń pè ní Májẹ̀mú Tuntun dání. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí àwọn ará Tẹsalóníkà, ó ní kí wọ́n di ẹ̀kọ́ tí a ti kọ́ wọn mú, ìbáà ṣe nípa ọ̀rọ̀ ẹnu, ìbáà ṣe nípa ìwé. Gbólóhùn yìí ni àwọn Kátólíìkì máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sí títí di òní bí wọ́n bá bi wọ́n léèrè ohun tí Àṣà Mímọ́ àtọwọ́dọ́wọ́ jẹ́. Ẹni àkọ́kọ́ tí a mọ̀ pé ó to àwọn ìwé onígbàgbọ́ jọ sí àkójọ kan pàtó, Marcion ni, ní Róòmù, ní nǹkan bí ọdún 144. Ó kọ Májẹ̀mú Láéláé sílẹ̀ pátápátá, ó mú ìhìnrere Lúùkù nìkan, ó sì gé nínú rẹ̀, ó wá fi lẹ́tà Pọ́ọ̀lù mẹ́wàá tì í. Ìjọ lé e jáde.

Irenaeus, bíṣọ́ọ̀bù ìlú Lyon, ni ó dá irú àwọn olùkọ́ bẹ́ẹ̀ lóhùn ní nǹkan bí ọdún 180, ìdáhùn rẹ̀ kò sì ní ṣàjèjì sí ọmọ Ìbàdàn. Bí awuyewuye bá ṣẹlẹ̀ níhìn-ín lórí ẹni tí oyè kàn, a máa ń bi àwọn tí ó mọ̀dí pé ta ni ó jẹ ṣáájú, ta ni ó tẹ̀lé e, ìlà wo ni ó sì kàn. Irenaeus náà ní kí wọ́n lọ sí àwọn ìjọ tí àwọn Àpósítélì dá sílẹ̀, kí wọ́n bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n gbà, ó sì ka àwọn bíṣọ́ọ̀bù Róòmù lẹ́sẹẹsẹ títí dé ìgbà tirẹ̀. Nínú lẹ́tà kan tí ó kọ sí ẹni tí wọ́n jọ mọ ara wọn lọ́mọdé, ó ní òun ṣì rántí ibi tí Polycarp, bíṣọ́ọ̀bù àgbà tí ó kọ́ òun, máa ń jókòó sí bí ó bá ń kọ́ni, bí ó ṣe ń wọlé, bí ó ṣe ń jáde, àti bí ó ṣe máa ń sọ ohun tí ó gbọ́ lẹ́nu Jòhánù. Irú ẹ̀rí yìí ni Ìjọ fi gbára lé nígbà náà: ìwé wà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí ó gbọ́ ọ náà wà.

Ní 325, nígbà tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù péjọ sí Nicaea lórí ọ̀rọ̀ Arius, àlùfáà tí ó ń kọ́ni pé Ọmọ kò bá Baba dọ́gba, ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan ni wọ́n fi sínú ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ láti sọ pé Ọmọ àti Baba jẹ́ ọ̀kan náà nínú ìwà-Ọlọ́run wọn. Àwọn tí kò fara mọ́ ọn fi ẹ̀sùn kàn án pé ọ̀rọ̀ náà kò sí nínú Ìwé Mímọ́ rárá. Òótọ́ ni wọ́n sì sọ. Athanasius, tí ó jà fún ọ̀rọ̀ náà ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, ni ó wá kọ lẹ́tà Àjíǹde ní 367 láti Alẹkisáńdíríà ní Íjíbítì, nínú èyí tí a ti kọ́kọ́ rí ìwé 27 inú Májẹ̀mú Tuntun gẹ́gẹ́ bí a ṣe ní wọn lónìí, láìlé, láìdín. Àpérò àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Hippo ní 393, àti ti Carthage ní 397, ka ìwé 27 kan náà, wọ́n sì ka Tobiti, Juditi àti Makabé méjèèjì mọ́ Májẹ̀mú Láéláé. Hippo wà ní Àlùjíríà òde òní, Carthage sì wà ní Tùníṣíà; mo máa ń rántí èyí bí mo bá gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ pé òyìnbó ni ó kó Bíbélì wá fún Áfíríkà. Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo, sọ láyé ìgbà náà pé òun kì bá tí gba ìhìnrere gbọ́ bí kì í bá ṣe pé àṣẹ Ìjọ Kátólíìkì ni ó sún òun síbẹ̀.

Ọmọ Àgùdà ni èmi tí mo ń kọ èyí, ṣùgbọ́n kò yẹ kí n fi apá kan ọ̀rọ̀ pamọ́. Jerome, ọ̀mọ̀wé tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè Látìn, kò fọwọ́ sí i pé kí wọ́n fi irú ìwé bíi Makabé gbé ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ kalẹ̀. Ó ní Ìjọ lè máa kà wọ́n fún ìmúdúró àwọn ènìyàn, kí ó má kọjá bẹ́ẹ̀, nítorí pé wọn kò sí nínú àkójọ àwọn Júù tí wọ́n ń lo èdè Hébérù. Iyèméjì yìí wà nílẹ̀ fún nǹkan bí 1,100 ọdún, láìdá ìjọ sí méjì.

Ìgbà tí Martin Luther, àlùfáà kan ní Jámánì, gbé àlàyé 95 rẹ̀ jáde ní Wittenberg ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá 1517, ọ̀rọ̀ ìwé ìdáríjì tí wọ́n ń tà ni ó ń bá jà, kò sì sí àní-àní pé ọjà náà ti bàjẹ́. Kò tíì sọ pé Ìwé Mímọ́ nìkan ni yóò máa ṣe ìdájọ́. Oṣù Keje 1519, ní ìlú Leipzig ní Jámánì, ni ọ̀rọ̀ dé ibẹ̀. Johann Eck, ọ̀mọ̀wé Kátólíìkì tí wọ́n jọ dúró jiyàn, mọ ọ̀nà tí a ń gbà ti ènìyàn sí igun ògiri. Ó fi yé Luther pé ohun tí ó ń sọ nípa Póòpù jọ ti Jan Hus, àlùfáà kan tí àpérò àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Constance dá lẹ́bi tí wọ́n sì dáná sun ní 1415. Luther lè sá fún un, kò sá. Ó ní nínú ohun tí wọ́n dá Hus lẹ́bi lé lórí, púpọ̀ ni ó bá ìhìnrere mu. Bí ó ti sọ bẹ́ẹ̀ tán, ohun tí ó kù láti sọ kò ju ẹyọ kan lọ, ó sì sọ ọ́: àpérò àwọn bíṣọ́ọ̀bù náà lè ṣìnà. Nígbà tí wọ́n wá dé orí Pọ́gátórì, ibi ìwẹ̀nùmọ́ ọkàn, Eck ṣí Makabé Kejì orí kejìlá, níbi tí Júdásì Makabé ti kó owó jọ ránṣẹ́ sí Jerúsálẹ́mù kí wọ́n fi rúbọ fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀ tí ó kú. Luther fèsì pé ìwé náà kò sí nínú àkójọ, kò sì lè fi ìdí ẹ̀kọ́ múlẹ̀ fún ẹni tí kò gbà á.

Bí mo ṣe rí i, ibẹ̀ ni ìbéèrè náà ti fi ìbejì rẹ̀ hàn. Bí ẹnì kan bá bèèrè pé níbo ni wọ́n kọ ọ́ sí, ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ bèèrè pé ta ni ó sọ fún wa pé ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí jẹ́ Ìwé Mímọ́. Kò sí ìwé kan nínú Bíbélì tí ó ka iye ìwé tí ó yẹ kí ó wà nínú Bíbélì.

Ní oṣù Kẹrin 1521, níwájú Ọba Charles Karùn-ún ní Worms, Luther sọ pé òun kò gbára lé Póòpù tàbí àpérò, nítorí pé wọ́n ti ṣìnà lọ́pọ̀ ìgbà wọ́n sì ti tako ara wọn. Àyàfi kí wọ́n fi Ìwé Mímọ́ tàbí ìdí tí ó ṣe kedere hàn án. Ẹ jẹ́ kí á ṣe òdodo sí i: kò da àwọn ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ àtijọ́ nù, kò sì kọ ìrìbọmi ọmọ ọwọ́ sílẹ̀. Ohun tí ó ń sọ ni pé Ìwé Mímọ́ ni adájọ́ ìkẹyìn. Ìṣòro tí ó tẹ̀lé e fara hàn ní Marburg ní oṣù Kẹwàá 1529, nígbà tí òun àti Zwingli, olórí àwọn alátùn-únṣe ìjọ ní Switzerland, tí àwọn méjèèjì gbà pé Ìwé Mímọ́ nìkan ni, jókòó lórí ọ̀rọ̀ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Luther fi ẹfun kọ "Èyí ni ara mi" ní èdè Látìn sórí tábìlì, ó sì fi aṣọ bò ó. Nígbà tí wọ́n ní kí ó mú ẹ̀rí wá, ó ká aṣọ náà kúrò. Zwingli ní "ni" tí ó wà níbẹ̀ túmọ̀ sí "dúró fún". Wọ́n pínyà láìfẹnu kò lórí rẹ̀.

Ìjọ Kátólíìkì dáhùn ní àpérò àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Trent, ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin 1546. Wọ́n ka ìwé 73 sínú àkójọ, Makabé méjèèjì wà níbẹ̀, wọ́n sì ní òtítọ́ ìhìnrere wà nínú ìwé tí a kọ àti nínú àtọwọ́dọ́wọ́ tí a kò kọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí á wò níbẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kọ sínú ìwé ìpinnu náà ni pé òtítọ́ wà "lápá kan" nínú ìwé, "lápá kan" nínú àtọwọ́dọ́wọ́. Àwọn kan nínú àpérò náà kò fara mọ́ ọn, wọ́n ní èyí yóò dà bí ẹni pé Ìwé Mímọ́ kò kún tó. Wọ́n sì fi "àti" rọ́pò rẹ̀. Síbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, àwọn olùkọ́ wa ṣì ń kọ́ni bí ẹni pé "lápá kan" ni ó wà níbẹ̀. Àpérò Vatican Kejì ni ó tún un sọ ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá 1965, nínú ìwé tí wọ́n ń pè ní Dei Verbum, tí ó gba ìbò 2,344 sí 6: orísun kan náà ni Ìwé Mímọ́ àti Àṣà Mímọ́ ti ṣàn wá, àwọn tí ó sì ní àṣẹ láti túmọ̀ wọn kò ga ju ọ̀rọ̀ Ọlọ́run lọ, ìránṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n.

Ọ̀nà méjèèjì yìí ni ó wá pàdé nílẹ̀ Yorùbá. Àwọn ẹrú tí ó dòmìnira tí wọ́n ń ti Bùràsíìlì bọ̀ ni ó gbé ìgbàgbọ́ Kátólíìkì dé Èkó, ìdí nìyí tí a fi ń pè é ní Ìjọ Àgùdà. Kí Fadá Pierre Bouche tó wá tẹ̀dó síbẹ̀ ní 1868, ọ̀kan nínú wọn tí wọ́n ń pè ní Pa Antonio ni ó ń kó wọn jọ, tí ó ń kọ́ wọn, tí ó sì ń darí àdúrà. Ohun tí wọ́n há sórí ni wọ́n ń fi lé àwọn ọmọ wọn lọ́wọ́. Kò tíì sí Bíbélì Yorùbá lódindi. N'Ìbàdàn, ìwé ni ó ṣáájú. David Hinderer, ọmọ Jámánì bíi Luther, àti Anna aya rẹ̀, dé sí Kúdẹtì ní 1853 lábẹ́ CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Ìjọ Áńgílíkà. Ilé ìwé àti ilé ìsìn jọ dìde ni, Hinderer sì wà lára àwọn tí ó bá Samuel Ajayi Crowther ṣiṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì Yorùbá, tí ó jáde lódindi ní 1884. Nígbà tí àwọn fadá fi wá dé orí òkè tí a ń pè ní Òkè Padre lónìí, ìlú ti mọ onígbàgbọ́ sí ẹni tí ń ka ìwé.

Bíbélì tí Luther fúnra rẹ̀ túmọ̀, tí ó jáde lódindi ní 1534, ní Makabé nínú. Ó tò ó sí àárín Májẹ̀mú méjèèjì pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó ní wọn kò bá Ìwé Mímọ́ dọ́gba ṣùgbọ́n wọ́n dára láti kà. Ẹgbẹ́ Bíbélì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó tẹ Bíbélì Yorùbá fún wa, ni ó pinnu ní 1826, lẹ́yìn ìjà kíkan láàrin àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà, pé owó àwọn kò ní tẹ àwọn ìwé náà mọ́. Ó ku ọdún 58 kí Bíbélì Yorùbá tó jáde lódindi nígbà tí wọ́n ti ṣe ìpinnu lórí ohun tí yóò wà láàrin Málákì àti Mátíù nínú rẹ̀, ojú ìwé òfìfo tí pásítọ̀ fi ìka rà wò lálẹ́ ọjọ́ náà.