Fìlà Nìkan Ni Kámẹ́rà Rí

Lọ́jà Gbági n'Ìbàdàn, ìyá kan tó ń ta léèsì pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kan. Wọ́n ti gbé léèsì lọ lórí káńtà wọn lójú ọ̀sán gangan. "Ẹ ṣáà máa bọ̀, kámẹ́rà wà ńbẹ̀, ó máa ti rí i," ni wọ́n wí. Mo jókòó ti ẹ̀rọ, mo dá àwòrán padà sí aago méjì ọ̀sán. A rí ọkùnrin náà lóòótọ́. Ó wọlé, ó ná ọjà, ó dúró títí ọmọ tó ń tajà fi yíjú sẹ́yìn, ó ki léèsì bọ abẹ́ agbádá, ó bá tirẹ̀ lọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, fìlà nìkan la rí.

Kámẹ́rà yẹn kò bàjẹ́ o. Wọ́n gbé e sókè jù ni. Ó lé ní mítà 4, àtàrí oníbàárà ló ń wò. Mo ń rí irú rẹ̀ káàkiri, ó sì máa ń dùn mí, torí owó gidi làwọn oníṣòwò ń ná sí i.

Dóòmù ni à ń pe irú kámẹ́rà yìí. Ó rí bí ìdajì igbá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé mọ́ àjà, lẹ́ńsì wà nínú, ike bò ó. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ṣọ́ọ̀bù ju èyí tó gùn bí igò lọ, nítorí pé tí ike rẹ̀ bá dúdú díẹ̀, ẹni tó wọlé kò ní tètè mọ ibi tó kọjú sí. Kò sì sí ibi tí ọwọ́ lè dì mú kó yí i. Bí ọwọ́ èèyàn bá lè kàn án níbi tó wà, ẹ ra èyí tí wọ́n kọ IK10 sí lára: ó lè gba kí nǹkan tó wúwo tó kílò 5 já lù ú láti nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 40 kó má fọ́. Tó bá jẹ́ ìta ni, ẹ wá IP67, kí òjò má baà dé inú rẹ̀.

Ẹnu ọ̀nà ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Mítà 2 ààbọ̀ sí 3 tó, kó kọjú sí ẹni tó ń wọlé. Lẹ́ńsì 2.8 mm máa ń rí gbogbo ṣọ́ọ̀bù, àmọ́ ojú èèyàn á kéré nínú rẹ̀. Ẹ fi 4 mm tàbí 6 mm sí ẹnu ọ̀nà. Ẹyọ kan tún gbọ́dọ̀ wà lókè ibi tí ẹ ti ń gbowó, níbi tí yóò ti rí ọwọ́ àti POS.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ rèé. Lóru, kámẹ́rà máa ń tan iná kan tí ojú wa kò rí. Bí eruku ọyẹ́, òwú aláǹtakùn tàbí òróró ìka bá wà lára ike yẹn, iná náà á ta padà sínú lẹ́ńsì, àwòrán á wá funfun bí ìkúùkù. Ní ṣọ́ọ̀bù kan tí mo gun àkàbà dé, àmì àtàǹpàkò ẹni tó so kámẹ́rà náà ṣì wà lára ike, ó hàn kedere. Aṣọ rírọ̀ tí a fi omi díẹ̀ rin ni mo fi nù ún, kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹ má fi bẹntiróòlù tàbí ọṣẹ oníyanrìn kàn án, wọ́n á họ ọ́. Bí ẹ bá ṣí ike náà, ẹ rí i pé fóòmù dúdú tó yí lẹ́ńsì ká tún fara kan ike dáadáa kí ẹ tó dè é padà.

Ẹ má gbé DVR, ẹ̀rọ tó ń tọ́jú àwòrán kámẹ́rà pamọ́, sábẹ́ tẹlifíṣọ̀n lórí káńtà. Olè tó bá wá lóru á gbé e lọ, àwòrán á bá a lọ. Kọ́bọ́ọ̀dù tó ní kọ́kọ́rọ́ tó sì ń gba afẹ́fẹ́ ló yẹ ẹ́, kí ẹ sì so ó mọ́ inverter. Kámẹ́rà 4 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fi nǹkan bíi 2 Mbps (ìwọ̀n dátà àwòrán ní ìṣẹ́jú àáyá kan) ránṣẹ́ yóò mú kí hard disk 1TB, ibi tí àwòrán ń wà nínú DVR, kún láàárín ọjọ́ 11 tàbí 12, lẹ́yìn náà ó máa pa ti àtijọ́ rẹ́. Ẹni tó jẹ́ pé òpin oṣù ló ń ka ọjà rẹ̀ nílò tó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ yí ọ̀rọ̀ aṣínà tó bá ẹ̀rọ wá padà lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé e délé.

Ẹ tún aago ẹ̀rọ náà ṣe pẹ̀lú. Abala 84 òfin ẹ̀rí ọdún 2011 béèrè ìwé ẹ̀rí pé ẹ̀rọ tó mú àwòrán jáde ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, aago tó sì ṣìnà ni lọ́yà olè máa kọ́kọ́ dì mú. Àwòrán ojú èèyàn tún wà lábẹ́ òfin Nigeria Data Protection Act ti 2023, nítorí náà ẹ lẹ ìkìlọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà. Ibi tí wọ́n ti ń wọ aṣọ wò kì í ṣe ibi kámẹ́rà rárá.

Ìyá Gbági jẹ́ kí n sọ kámẹ́rà tiwọn kalẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, a pa iná ṣọ́ọ̀bù, wọ́n dé fìlà fún ọmọ wọn ọkùnrin, wọ́n ní kó rìn wọlé. Ìyá náà na ìka sí ẹ̀rọ: àpá kékeré tó wà lókè ìpéǹpéjú rẹ̀, tó ti wà ńbẹ̀ láti kékeré, la ń wò yẹn.