Lẹ́tà Tí Ẹ Rà Kò Lè Gbé Yín Wọ Másítà Ìṣirò Owó

Bí fọ́ọ̀mù másítà bá ti jáde báyìí, àwọn ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ wá sí ọ́fíìsì mi ní Alágbàká, l'Ákùúrẹ́. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wo lẹ́tà yìí." Lẹ́tà tí ẹni tó fẹ́ wọlé fi ń sọ ìdí tó fi fẹ́ kàwé náà ni. Mo ti há a sórí: "Láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn ìṣirò." Lẹ́tà kan náà ni, orúkọ abẹ́ rẹ̀ nìkan ló yàtọ̀. Kafé ni wọ́n ti rà á.

Mi ò ní dúró lórí kírẹ́díìtì márùn-ún àti ìwé àgùnbánirọ̀. Ẹni tó ní HND, ìwé ẹ̀rí àwọn poli, kó lọ ṣe PGD, ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń ṣe kí wọ́n tó wọ másítà, kó sì ṣe é dáadáa. Ẹni tí máàkì rẹ̀ kò tó 3.50 nínú 5.00 lè fi PGD tàbí ìdánwò ICAN, ẹgbẹ́ àwọn oníṣirò owó Nàìjíríà, hàn pé òun ti tẹ̀ síwájú. Ẹni tó ń wo Amẹ́ríkà, kó wádìí bóyá ilé ìwé náà ń béèrè GMAT, ìdánwò àwọn tó fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ okòwò. 805 ni máàkì tó ga jù níbẹ̀ báyìí, kì í ṣe 800 mọ́. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ sí í lé transcript, ìwé gbogbo máàkì yín láti ilé ìwé tí ẹ ti jáde. Ẹ jẹ́ kí olùkọ́ tó bójú tó iṣẹ́ àṣekágbá yín jẹ́rìí yín, ẹ fi ẹ̀dà iṣẹ́ náà lé e lọ́wọ́. Kọmíṣánnà tí kò mọ̀ yín rí kò wúlò níbẹ̀.

Lẹ́tà yẹn gan-an ló ká mi lára. Ọmọ Oǹdó ni yín, ọ̀pọ̀ yín ni owó kòkó rán níwèé. Ṣé ẹ mọ̀ pé láti oṣù kìíní ọdún 2016, igi kòkó àti èso orí rẹ̀ kò sí lábẹ́ òfin ìṣirò kan náà mọ́? IAS ni wọ́n ń pe àwọn òfin ìṣirò owó tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè jọ ń lò. Abẹ́ IAS 16, òfin dúkìá tí ilé iṣẹ́ ń lò pẹ́, ni igi wà, bíi ẹ̀rọ ilé iṣẹ́, torí ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń so. Bó ṣe ń gbó la ó máa dín iye rẹ̀ kù. Abẹ́ IAS 41, òfin iṣẹ́ àgbẹ̀, ni èso tó ṣì wà lórí igi wà: iye tó lè pa lọ́jà là ń kọ, lẹ́yìn tí a bá ti yọ ìnáwó títà kúrò. Tí wọ́n bá ti ká a wọ ilé ìkẹ́rù, ó di ti IAS 2, òfin ọjà tó wà nílẹ̀. Kòkó gbígbẹ sì ni àwọn oníṣòwò kòkó ń fi ìwọ̀n rà. Báwo ni ilé iṣẹ́ tó ní oko ní Ìdànrè ṣe máa wá díye lé èyí tí kò tíì pọ́n? Ẹ kọ irú ìbéèrè yìí sínú lẹ́tà, kí ẹ wo bí ọ̀jọ̀gbọ́n ṣe máa tún gíláàsì ojú rẹ̀ ṣe.

Àwọn kan ń tẹ fọ́ọ̀mù jáde, wọ́n á ta òróró sí i, wọ́n á gbé e gun òkè àdúrà. Èmi náà ń gbàdúrà. Ẹni tó bá ra lẹ́tà ayédèrú, kí ló fẹ́ kí Ọlọ́run bá òun fọwọ́ sí?

Ọmọkùnrin kan jókòó síwájú àwa tó ń yan ọmọ másítà níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ọmọ tó mọ̀wé ni. Lẹ́tà rẹ̀ ní ó ti ṣírò owó fún àwọn tó ń ṣe bàtà ní Aba. Mo bi í bí wọ́n ṣe ń díye lé bàtà tí wọn ò tíì rán tán. Ó dákẹ́. Mo bi í nípa Aba, ó ní òun ò dé ibẹ̀ rí. Ìgbà tí mo bi í léèrè ilé, ó ní ìyá òun ń ta èlùbọ́ l'Ọ́jà Ọba, òun lòun sì ń bá a kọ ìwé gbèsè láti JSS. Ó wá ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń mọ oníbàárà tí gbèsè rẹ̀ kò ní jáde mọ́, yékéyéké. Ọ̀rọ̀ IFRS 9, òfin ìṣirò tó sọ bí a ṣe ń ka gbèsè tó lè má jáde, gan-an nìyẹn! Kò sí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nípa rẹ̀ nínú lẹ́tà.

A ò gbà á, torí ó ti buwọ́ lu irọ́. Ìbuwọ́lù ni iṣẹ́ àwa oníṣirò owó. Òun ni báńkì, ìjọba àti olówó ìpín fi ń sùn. A ò lè fi irọ́ kọ́ ẹni tó máa buwọ́ lùwé fún aráyé.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá rẹ̀ wá bá mi. Ó ní ẹni tó ta lẹ́tà náà fún wọn ti ń béèrè owó ti ọdún tó ń bọ̀. Mo ní kí màmá má san kọ́bọ̀.