Ibi tí omi ti yọjú kọ́ ló ti ń jò

Ọ̀dà ògiri pálọ̀ á kọ́kọ́ wú bí ara tí iná jó, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Onílé á pe púlọ́ńbà, púlọ́ńbà á fi ṣísẹ̀lì la ojú ibẹ̀, wọ́n á bá ògiri tútù tí kò sí páìpù kankan nínú rẹ̀. Omi tó jò kì í dúró sójú kan. Á tọ ẹ̀yìn páìpù, á gba abẹ́ táìlì, á bá ihò inú búlọ́ọ̀kù sọ̀ kalẹ̀, ibi tó bá ti ráyè ni yóò ti yọjú, ó sì lè jìnnà tó mítà mẹ́ta sí ibi tí páìpù ti là. Nítorí náà, wíwọ̀n ló yẹ kó ṣáájú òòlù.

Ilé tó bá ní mítà omi, ojú mítà yẹn ni wọ́n máa ń wò: bí gbogbo ẹ̀rọ omi bá wà ní títì, tí òǹkà rẹ̀ ṣì ń yí, omi ń lọ síbì kan. Ọ̀pọ̀ ilé wa tó ń lo bóòhóòlù kò ní irú mítà bẹ́ẹ̀, àmọ́ táǹkì tó wà lórí irin lẹ́yìnkùlé lè ṣe iṣẹ́ kan náà. Kí wọ́n pọn omi kún un lálẹ́, kí wọ́n paná pọ́ǹpù pátápátá, pàápàá èyí tó máa ń tan ara rẹ̀, kí wọ́n sàmì síbi tí omi dé, kí ẹnikẹ́ni má sì fọwọ́ kan ẹ̀rọ omi títí ilẹ̀ á fi mọ́. Nínú táǹkì róbótó tó fẹ̀ tó mítà kan, sẹ̀ǹtímítà kan péré fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà 8. Bí omi bá wálẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10 láàárín agogo mẹ́wàá alẹ́ sí mẹ́fà àárọ̀, ó ti lé ní kẹ́ẹ̀gì oní-lítà 25 mẹ́ta tó lọ, láìsí ẹni tó wẹ̀, láìsí ẹni tó fọ abọ́. Ilé tí pọ́ǹpù bá ń tan ara rẹ̀ kì í tètè mọ̀, torí táǹkì wọn kì í gbẹ. Kírédíìtì iná ni wọ́n á kàn rí i pé ó ń tètè tán, wọ́n á sì máa bá fíríìjì jà.

Kí ẹnikẹ́ni tó fura sí ògiri, kí ó kọ́kọ́ fura sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Rọ́bà pẹlẹbẹ tó dí ìsàlẹ̀ àpótí omi tó wà lẹ́yìn ìjókòó máa ń gbó, omi á sì máa yọ́ lọ sínú àwo láìdún rárá. Kí wọ́n da ife zobo kan sínú àpótí náà, kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láìfọn omi. Bí àwọ̀ pupa bá hàn nínú àwo, rọ́bà yẹn ni wọ́n máa pààrọ̀, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan rárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ògiri tí wọn ì bá ti wó.

Bí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bá mọ́, àsìkò tí ọ̀rinrin ń wá ni yóò sọ irú omi tó jẹ́. Páìpù tó ń gbé omi wá láti táǹkì kì í sinmi, torí náà ojú ibẹ̀ kì í gbẹ, ẹ̀ẹ̀rùn ì báà mú. Koríko tó tutù yọ̀yọ̀ lójú kan ṣoṣo nínú ọyẹ́, nígbà tí ìyókù àgbàlá ti pọ́n, ẹ̀rí ńlá ni. Páìpù tó ń gbé omi ìdọ̀tí lọ kì í jò àfi tí ẹnì kan bá wẹ̀. Bí ilé bá ṣófo fún ọjọ́ mẹ́ta, ògiri á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Ti òjò kò le láti mọ̀. Èyí tó ń gòkè láti inú ilẹ̀ kì í sábà kọjá mítà kan sókè, ó sì máa ń fi iyọ̀ funfun sílẹ̀ lójú ògiri. Kò sí púlọ́ńbà tó lè wo ìyẹn sàn, nítorí kì í ṣe páìpù ló fà á.

Nígbà tó bá ti dájú pé páìpù táǹkì ni, irinṣẹ́ tó dára jù wà lọ́wọ́ bíríkìlà: rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó mọ́ gaara, tí wọ́n fi ń mú lẹ́fẹ́ẹ̀lì. Kí wọ́n ki ẹnu rẹ̀ kan bọ ẹ̀rọ omi ìta, kí wọ́n dè é pinpin, kí wọ́n fa ẹnu kejì gòkè lára irin táǹkì, kí wọ́n wá ṣí ẹ̀rọ náà. Omi á gòkè nínú rọ́bà títí yóò fi bá ti inú táǹkì dọ́gba, yóò sì dúró. Lẹ́yìn tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bá ti jáde tán, kí wọ́n ti fáàfù tó wà lẹ́nu táǹkì. Láti ìgbà yìí lọ, ìwọ̀nba omi inú páìpù àti inú rọ́bà nìkan ló kù, ojú sì ń rí i. Bí kò bá sí ibi tó ń jò, ojú omi inú rọ́bà kò ní kúrò níbi tó wà. Bí ó bá wà, yóò máa wálẹ̀. Rọ́bà tí ihò rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 12 kì í gbà ju nǹkan bí mìlílítà 113 lọ nínú mítà kan. Ibi tó ń kán lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, tí ń gbé nǹkan bí lítà 20 lọ lójúmọ́, yóò fa omi yẹn wálẹ̀ ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 12 láàárín ìṣẹ́jú kan ṣoṣo. Táǹkì ì bá gba gbogbo òru kó tó fi ìyẹn hàn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á máa ti fáàfù inú ilé lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n ti ti bàlúwẹ̀ òkè, kí wọ́n wo rọ́bà. Ṣé ó ṣì ń wálẹ̀? Kí wọ́n ti ti ilé ìdáná. Fáàfù tí wọ́n tì tí omi inú rọ́bà fi dúró, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ìjàǹbá wà. Bí wọ́n bá ti gbogbo rẹ̀ tán tó ṣì ń sọ̀, a jẹ́ pé ọ̀nà tó ti ìdí táǹkì wọlé ni, inú ilẹ̀ sì ni wọ́n á wá a lọ. Nǹkan méjì ló lè dà wọ́n láàmú níbí. Fáàfù táǹkì tí kò tì dáadáa á máa fún rọ́bà lómi, ọ̀ràn á sì dà bí ẹni pé kò sí. Bí páìpù afẹ́fẹ́ bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì, omi inú tiẹ̀ náà á máa wálẹ̀ pọ̀ mọ́ ti rọ́bà, ohun gbogbo á wá falẹ̀. Ilé tí wọn kò fi fáàfù sí bàlúwẹ̀ kọ̀ọ̀kan kò ní rí ọ̀nà yìí gbà, ó sì ṣeni láàánú pé wọ́n pọ̀.

Ẹ̀rọ ìgbọ́ròó tí wọ́n ń gbé sílẹ̀ láti fi gbọ́ ariwo omi wà, àmọ́ páìpù rọ́bà kì í gbé ariwo bíi ti irin. Agbára omi táǹkì náà kéré: mítà mẹ́wàá sókè ló ń fúnni ní báà kan (báà ni wọ́n fi ń wọn agbára omi), ọ̀pọ̀ táǹkì ilé kò sì ga tó bẹ́ẹ̀. Púlọ́ńbà tó bá ní ẹ̀rọ alọ́wọ́ tí wọ́n fi ń ti omi sínú páìpù lè sọ agbára náà di púpọ̀, ìgbà yẹn ni etí á wá gbọ́ nǹkan.

Nígbà tó bá wá di ká fọ́, oríkèé ni kí wọ́n kọ́kọ́ wá: ibi tí páìpù ti yà, àti ibi tí ẹnu irin ẹ̀rọ omi ti wọnú páìpù rọ́bà. Àárín páìpù kì í sábà là fúnra rẹ̀, àfi tí ẹni tó ń gbé tẹlifíṣọ̀n kọ́ bá gbá ìṣó bọ̀ ọ́. Ẹnu irin ló ń bà jẹ́ jù, torí àwọn kan gbà pé bí wọ́n bá ṣe fún un tó ló ṣe máa dára tó, rọ́bà á wá fàya.

Bó bá jẹ́ PVC, páìpù rọ́bà tí wọ́n ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀, wọ́n á gé ibi tó bàjẹ́ kúrò, wọ́n á fi páìpù tuntun àti sọ́kẹ́ẹ̀tì dí àárín. Ojú méjèèjì gbọ́dọ̀ gbẹ, kò sì gbọdọ̀ ní ìyẹ̀pẹ̀, kí wọ́n tó fi gọ́ọ̀mù pa á, kí wọ́n tì í wọlé, kí wọ́n yí i díẹ̀, kí wọ́n dì í mú fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá. Omi tó ń sun tín-ín-tín láti inú páìpù ló ń ba gọ́ọ̀mù jẹ́. Àwọn àgbà púlọ́ńbà máa ń run inú búrẹ́dì, wọ́n á fi dí i. Bí omi bá dé lẹ́yìn náà, á rọ̀, á sì bá ẹ̀rọ omi jáde, bí wọ́n bá ti tú àsẹ́ ẹnu rẹ̀ sílẹ̀. PPR, irú páìpù rọ́bà mìíràn, kì í lo gọ́ọ̀mù. Ìgbóná ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì 260 ni wọ́n fi ń yọ́ ọ, ìṣẹ́jú-àáyá 5 fún páìpù mìlímítà 20, 7 fún mìlímítà 25, kí wọ́n tó kì í bọra. Omi díẹ̀ níbẹ̀ á di ooru, á sì lu ihò sínú oríkèé náà.

Sìmẹ́ńtì funfun tí wọ́n ń fi dí àárín táìlì kì í dá omi páìpù dúró. Ńṣe ló ń lé e lọ sí yàrá kejì.

Kí wọ́n fi ojú ihò náà sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí wọ́n tó ṣí omi sí i, kí wọ́n tún fi rọ́bà bíríkìlà wò ó kí bíríkìlà fúnra rẹ̀ tó dé. Ọ̀dà ló gbọ́dọ̀ kẹ́yìn. Kí wọ́n lẹ ọ̀rá kan mọ́ ògiri pẹ̀lú sẹ́lótéèpù yíká lálẹ́. Bí ẹ̀yìn ọ̀rá náà bá rin láàárọ̀, ògiri kò tíì gbẹ, kí ọlọ́dà ṣì padà sílé.