Bí abúlé ṣe fún asọ̀rọ̀mágbèsì lésì

Ní àárín gbùngbùn Ọsirélíà, èèyàn lè wakọ̀ láti àárọ̀ di ọ̀sán kó má rí ju iyẹ̀pẹ̀ pupa àti igbó kúkúrú lọ. Nǹkan bí 300 kìlómítà ni Yuendumu, ìlú àwọn ọmọ onílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Warlpiri, fi jìnnà sí ìlú Alice Springs. Ìgbì tẹlifíṣọ̀n kì í rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀. Bí iná tọ́ọ̀ṣì ló rí: ọ̀nà tààrà ló ń tọ̀, ibi tí ilẹ̀ bá ti tẹ̀ wálẹ̀ ló ń parí sí. Ta ni yóò sì máa ri òpó káàkiri aṣálẹ̀ nítorí ọgọ́rùn-ún èèyàn mélòó kan?

Sátẹ́láìtì ló tú kókó yẹn. Ní 1985 ni àkọ́kọ́ nínú àwọn AUSSAT, sátẹ́láìtì Ọsirélíà, gbéra. Nǹkan bí 36,000 kìlómítà ló ga sí ilẹ̀, ó ń bá ayé yí lẹ́sẹ̀ kan náà, nítorí náà díìṣì tí wọ́n bá ti dojú rẹ̀ kọ ọ́ kò tún ní í máa wá a kiri. Ohun tó ń tọ̀hún bọ̀ á ti rẹ̀ kó tó balẹ̀. Díìṣì á kó o jọ sójú kan, ẹ̀rọ kan á fún un lágbára, òmíràn á tú u, tíránsímítà kékeré kan á wá fọ́n ọn sáfẹ́fẹ́ lórí ìkànnì tí tẹlifíṣọ̀n lásán lè gbà. Kò lágbára ju kó kárí abúlé lọ. Antẹ́nà orí òrùlé ti tó fún onílé. Díìṣì kan ṣoṣo ló ń bọ́ gbogbo ìlú nígbà náà.

Ohun tó bá sì gba ojú díìṣì yẹn wọlé, gbogbo ilé ló wọ̀. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni àwọn bàbá wa pe redíò, torí pé ó ń sọ̀rọ̀, kì í gbọ́ èsì. Àwọn àgbà Yuendumu àti ti Ernabella, ìlú ọmọ onílẹ̀ mìíràn tí wọ́n ti ń sọ èdè Pitjantjatjara, rí i pé irú àlejò bẹ́ẹ̀ ló ń bọ̀, tí yóò máa da Gẹ̀ẹ́sì sétí àwọn ọmọ tọ̀sán-tòru. Wọn ò dúró dè é. Wọ́n gbé kámẹ́rà, wọ́n ká ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀, orin àti ijó sílẹ̀, wọ́n sì ń fi tíránsímítà kékeré gbé e jáde láìgba ìwé àṣẹ, kí sátẹ́láìtì tó lọ sókè rárá. Ìjọba tí ì bá mú wọn ló padà wá wo ọwọ́ wọn kọ́ iṣẹ́: ní 1987, ètò ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ fún ìlú àwọn ọmọ onílẹ̀ tó wà lọ́nà jíjìn, tí wọ́n ń pè ní BRACS, kó irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lọ sí nǹkan bí 80 ìlú.

Inú súìṣì kan ni gbogbo ọgbọ́n BRACS wà nígbà náà. Bí ẹnikẹ́ni ò bá fọwọ́ kàn án, ètò ìlú ńlá ló ń kọjá lọ. Ẹni tó bá yí i ti gé e nìyẹn: ìròyìn á dákẹ́ lójijì, ojú ará àdúgbò á yọ, á ní nọ́ọ̀sì ń bọ̀ lọ́la, tàbí fídíò ìnáwó tí wọ́n ṣe láìpẹ́ á bẹ̀rẹ̀. Bákan náà ni ti redíò. Ẹni tó ń wo fíìmù lọ́wọ́ á fara mọ́ ọn, torí ìkànnì kan náà ni. Ìdí rèé tí ọ̀rọ̀ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ yàrá náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í fi í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Ẹni náà gbọ́dọ̀ mọ òkú ìlú pẹ̀lú. Àwọn Warlpiri kì í pe orúkọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, wọn kì í sì í fẹ́ rí àwòrán rẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì tí gbogbo ìlú ń wò tẹ̀rín-tẹ̀rín lánàá lè di ohun tí wọ́n ń tì mọ́ àpótí fún ọdún púpọ̀, bí ẹnì kan nínú rẹ̀ bá ti ṣaláìsí.

Níbi tí BRACS ti kù díẹ̀ káàtó ni pé ẹ̀rọ ni wọ́n gbé wá; owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti ti àtúnṣe kò tó nǹkan. Eruku pupa yẹn ń wọ inú fídíò, ooru ń bá a jà, ẹni tó lè tún un ṣe sì lè wà ní ìrìn odindi ọjọ́ kan. Tí fídíò àti máíkì bá ti kú, ibi kan ṣoṣo ni súìṣì lè yà sí: ètò ìlú ńlá.