Ìjẹ́pè ni ACK, kì í ṣe ìjẹ́wọ́

Ó máa ń bí mi nínú gidigidi bí mo bá rí i tí wọ́n kọ "ìjẹ́wọ́" fún ACK, àmì kékeré tí fóònù fi ń sọ fún òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì pé ìsọfúnni ti wọlé. Ẹni tó ṣẹ̀ ló ń jẹ́wọ́. Fóònù tó gba ìsọfúnni wọlé láìlábùkù, ẹ̀ṣẹ̀ wo ló dá? Àwọn mìíràn ní "ìfọwọ́sí", ìyẹn tún burú jù, torí ẹni tó fọwọ́ sí nǹkan ti fara mọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ohun tí fóònù ń wí kò ju "ó ti dé ọwọ́ mi" lọ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ti wà lẹ́nu wa tipẹ́: a pè é, ó jẹ́. Ìjẹ́pè nìyẹn. NACK, òdìkejì rẹ̀ tí fóònù ń rán bí ìsọfúnni bá bà jẹ́, ni "tún un wí", mi ò wá orúkọ mìíràn fún un.

Bí ẹnì kan bá ń ké sí yín láti òdìkejì odò, tí afẹ́fẹ́ ń gbé ohùn rẹ̀ lọ, ẹ lè gbọ́ "wá... ọ̀la". Ẹ ní kó tún un wí, ẹ wá gbọ́ "...láàárọ̀ ọ̀..." Ẹ kò ní da ti àkọ́kọ́ nù, ẹ ó tò wọ́n pọ̀, "wá láàárọ̀ ọ̀la" á sì yọ. Ohun tí HARQ, ìlànà àtúnrán inú nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù, ń ṣe nìyẹn: èyí tó bà jẹ́ wà nípamọ́ títí àtúnrán yóò fi dé bá a. Onímọ̀ kan, David Chase, ti ṣàlàyé irú àtòpọ̀ yìí lọ́dún 1985.

Ìjẹ́pè gan-an ló ń dùn mí jù, torí bíìtì kan péré lè jẹ́ gbogbo rẹ̀. Bí òpó bá ṣi "tún un wí" gbọ́, tó kà á sí ìjẹ́pè, yóò bá tirẹ̀ lọ, fóònù yóò sì máa retí ohun tí kò ní dé, àfi bí RLC, ìpele òkè HARQ tó ń ṣọ́ ohun tó sọnù, bá tají, ó sì máa ń pẹ́ kó tó tají. Àṣìṣe òdìkejì kò ju àtúnrán kan tó ṣòfò. Ìdí nìyí tí ìlànà 5G fún PUCCH Format 1, ọ̀kan nínú ọ̀nà tí fóònù ń gbà fi ìjẹ́pè ránṣẹ́ sí òpó, fi ní kí irú àṣìgbọ́ àkọ́kọ́ yẹn má kọjá ìdá kan nínú 1,000.

Ìdákẹ́jẹ́ ńkọ́? Adákẹ́ má fọhùn, a ò mọ tẹni tó ń ṣe. Àwọn kan ń pe DTX, ìyẹn kí fóònù má rán ìjẹ́pè tàbí "tún un wí" kankan, ní "kíkọ̀", bẹ́ẹ̀ fóònù kò kọ̀. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n pe òun. Àìjẹ́ ni. Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ kan ṣe bí èkejì! "Ìjẹ́wọ́" kò lè bí i láéláé.

Níbi tí àmì kò bá ti lágbára, a máa ń ní kí fóònù tún ìjẹ́pè kan náà rán nínú slot (ègé àkókò kékeré) méjì, mẹ́rin tàbí mẹ́jọ, kí òpó náà lè máa tò ó pọ̀ bí ará etí odò.